Àgbà Tí Ó Tún Ń Wá Olólùfẹ́: Àyẹ̀wò Eré Uncoupled Nínú Òye Àwàdà Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti yẹ eré àwàdà olólùfẹ́ kan wò, èyí tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Uncoupled. Darren Star àti Jeffrey Richman ni wọ́n dá eré náà sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Netflix ni ó gbé apá 8 rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2022. Olú ẹ̀dá-ìtàn ibẹ̀ ni Michael Lawson, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilé títà ní ìlú New York. Ọkùnrin bíi tirẹ̀, Colin, ni ó ti ń bá gbé láti ọdún 17 sẹ́yìn. Ní alẹ́ tí Michael pe àwọn ènìyàn jọ láti bá Colin yọ ayọ̀ pé ó pé ẹni 50 ọdún ni Colin sọ fún un pé òun ń lọ. Gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e dá lórí bí ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń wá olólùfẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni ó kan onímọ̀ Yorùbá nínú irú eré yìí. Wọn yóò ní kò ti inú àṣà wa jáde, wọn yóò sì ní èèwọ̀ ni ohun tí ó ń sọ. Ìdáhùn wa rọrùn. Ní ọdún 1968, Ọlá Rótìmí mú ìtàn ọba ilẹ̀ Gíríìkì kan tí ó pa baba rẹ̀ tí ó sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya, ó wọ̀ ọ́ ní agbádá Yorùbá, ó sì pe eré náà ní The Gods Are Not to Blame. Kò sí èèwọ̀ tí ó tó ti inú ìtàn yẹn nílẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó sọ pé kí a má kà á. Ohun tí a ṣe ni pé a béèrè irú ènìyàn tí ẹ̀dá-ìtàn náà jẹ́, bí ó ti hùwà nígbà tí ìṣòro dé bá a, àti ohun tí ìtàn rẹ̀ fi yé wa nípa àyànmọ́. Ìbéèrè kan náà ni a ó bi Uncoupled. Èrò tí a ó sì gbé kalẹ̀ ni pé àwàdà olólùfẹ́ kì í ṣe ohun tí olólùfẹ́ méjì lè dá ṣe. Ó nílò alárinà, ó sì nílò ẹlẹ́rìí. Ibi tí méjèèjì yìí kò bá ti sí, àwàdà a máa yí padà di nǹkan mìíràn.

2.0 Nípa ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa èdè. Orúkọ tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn wa fún ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọkùnrin jẹ́ èébú. Ohun tí orúkọ náà ń tọ́ka sí kò ju ìṣe kan ṣoṣo lọ, ìyẹn ohun tí ara ń fi ara ṣe. Bí a bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe lámèyítọ́, kò ní ṣeé ṣe fún wa láti rí ohun tí eré yìí ń sọ, nítorí pé ohun tí ó jẹ Michael níyà jù kò sí lórí ibùsùn. Ta ni yóò bá a jẹun àárọ̀? Ta ni ó ni ilé tí wọ́n jọ ń gbé? Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ní, ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò wà? Nítorí náà, ìfẹ́ akọsákọ ni a ó máa lò nínú bébà yìí, nítorí pé ó sọ ohun tí ó jẹ́ láìbú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó ṣòro ni èyí tí a ó fi pe ipò tí Michael bá ara rẹ̀. Èdè wa ní dálémoṣú fún obìnrin tí ó kúrò nílé ọkọ tí ó padà sí ilé baba rẹ̀. Ó ní opó fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, ó sì ní àpọ́n fún ọkùnrin tí kò láya. Kò sí èyí tí ó bá Michael mu nínú gbogbo wọn. Kì í ṣe opó, nítorí pé Colin wà láàyè, ó sì ń pàdé rẹ̀ láàárín ìlú. Bí a bá pè é ní àpọ́n, a ti fi ọdún 17 ṣòfò. Dálémoṣú ni ó fẹ́ súnmọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n dálémoṣú ní ilé baba tí ó padà sí. Ẹni tí a kọ̀ sílẹ̀ nínú eré yìí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ni ó ń sá lọ. Àìní orúkọ fún ipò rẹ̀ jẹ́ ara ohun tí eré náà ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá pàdé ni ó ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀ fún, àlàyé náà kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀.

3.0 Àgbà àti àgbàyà

Nínú àwàdà Yorùbá, ẹni tí a sábà máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà ni àgbàyà, ìyẹn ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ ṣùgbọ́n tí ìwà rẹ̀ kò bá a lọ. Àwọn tí wọ́n wo Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, lórí ìtàgé tàbí lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán yóò rántí bí ó ti ń wọlé pẹ̀lú táì ràgàjì àti aago ńlá tí ó fi ṣe aago ọwọ́. Kí ó tó la ẹnu rẹ̀ ni òǹwòran ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé aṣọ ara rẹ̀ ti sọ fún wa pé baba yìí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ fún àgbà pé kí ó jókòó sí ààyè rẹ̀.

Ìbẹ̀rù pé òun ti di àgbàyà ni ó ń lé Michael kiri nínú Uncoupled. Ó ń lọ sí ibi tí àwọn ọmọdé ń lọ, ó ń gbìyànjú láti sọ èdè wọn, èdè náà kò sì gbọ́ sí i lẹ́nu. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba bí a bá ṣírò ọdún. Bí ó bá ti tó ọdún 17 tí òun àti Colin ti wà pọ̀ kí ó tó di 2022, a jẹ́ pé nǹkan bí ọdún 2005 ni Michael ti wá olólùfẹ́ gbẹ̀yìn. Ètò Grindr orí fóònù, èyí tí àwọn ọkùnrin fi ń wá ara wọn, kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 2009 ni ó dé. Oògùn PrEP tí kì í jẹ́ kí ènìyàn kó kòkòrò HIV kò tíì sí fún ìlò báyìí. Ọdún 2012 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ìran tí Michael ti wá ni ìran tí ó fi ẹ̀rù àrùn náà dàgbà. Àwọn tí ó ń bá pàdé báyìí kò mọ ẹ̀rù yẹn. Nítorí náà, nígbà tí òun àti ọ̀dọ́ bá pàdé, ohun tí ó wà láàárín wọn ju ewú orí lọ: ọ̀kan nínú wọn ti sin ọ̀pọ̀ ènìyàn ìran rẹ̀, èkejì kò sì mọ̀ pé ìsìnkú kankan wáyé. Ibi yìí ni ẹ̀rín eré náà ti jinlẹ̀ jù. Àwọn Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín ni à ń fi í rín.

Àwọn òǹkọ̀wé eré náà fi ọ̀rẹ́ Michael méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè fi wé wọn. Ọ̀kan ni Billy, tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú-ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ó sì máa ń fẹ́ àwọn tí kò tó o lọ́jọ́ orí. Òun gan-an ni àgbàyà inú ìtàn náà, síbẹ̀ kò mọ̀, ó sì ń gbádùn ara rẹ̀. Èkejì ni Stanley, tí ó ń ta àwòrán ọnà, tí kò ní olólùfẹ́, tí ó sì wá rí i pé òun ní àrùn jẹjẹrẹ ọyàn. Ìbéèrè tí àìsàn Stanley gbé dìde ni ìbéèrè tí gbogbo àgbà Yorùbá mọ̀ dájú: ta ni yóò tọ́jú mi? Láàárín Billy tí kò fẹ́ dàgbà àti Stanley tí ọjọ́ ogbó ti ká mọ́lé ni Michael dúró. Ìfìwàwẹ̀dá tí ó múná dóko ni èyí, nítorí pé kò sí àṣọyé kankan níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàn jókòó sídìí tábìlì kan ni.

4.0 Alárinà àti fóònù

Bí a bá wo ìlànà ìgbéyàwó àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ìfojúsóde àti ìwádìí ni ó ṣáájú. Alárinà ni ó ń bá wọn lọ, tí ó ń bá wọn bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ju kí ó jẹ́ iṣẹ́ fún ọkùnrin kan àti obìnrin kan lọ. Òun ni ó máa ń mọ̀ bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé, bóyá wọ́n jẹ gbèsè, bóyá ìwà ọmọ náà tutù tàbí ó le. Bí ojú bá ti mọjú tán, alárinà a yẹ̀bá. Ẹni tí ó bá bínú tí ó yẹ̀bá kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé kí ó lè yẹ̀bá ni a ṣe pè é.

Nínú Uncoupled, fóònù ni ó gba ipò alárinà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tóbi. Fóònù mọ bí ẹnìkan ti jìnnà sí ni tó, ó mọ bí ara rẹ̀ ti rí, kò sì mọ nǹkan mìíràn nípa rẹ̀. Kò mọ ìdílé, kò mọ gbèsè, kò mọ ìwà. Iṣẹ́ ìwádìí tí alárinà ń ṣe kí a tó pàdé wá di ohun tí Michael ní láti ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pàdé, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bọ́ aṣọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀fẹ̀ eré náà ti ń ṣàn wá nìyẹn. Yorùbá ní ìwà lẹwà. Fóònù ní ẹwà ni ó kọ́kọ́ ń bọ̀, bí ìwà bá wà, a ó máa bá a níwájú. Ẹni tí ó ti bá ènìyàn kan gbé fún ọdún 17 mọ̀ pé ètò yẹn dojú rú, ṣùgbọ́n kò sí ètò mìíràn lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀.

Fóònù kò sì mọ bí a ti ń yẹ̀bá. Alárinà gidi fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ètò orí fóònù ń jèrè nígbà tí oníbàárà bá padà wá. Èyí ni àkíyèsí kan tí a lè fi ojú òye Yorùbá rí nínú eré náà láìjẹ́ pé àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ sọ ọ́ jáde. Ó sì kan gbogbo ènìyàn, yálà akọsákọ ni ìfẹ́ wọn tàbí akọ sí abo. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fẹ́ra lónìí ní Ìbàdàn ni fóònù ṣe alárinà fún, àwọn òbí wọn kò sì mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè ọ̀rọ̀.

5.0 Ìparí eré àti ẹlẹ́rìí

Northrop Frye, nínú ìwé rẹ̀ Anatomy of Criticism tí ó jáde ní 1957, ṣàlàyé pé àwàdà a máa lọ sí ìdí àwùjọ tuntun, àmì àwùjọ náà sì sábà máa ń jẹ́ ìgbéyàwó tàbí àsè. Àlàyé yìí bá ti Yorùbá mu. Ìgbéyàwó wa kì í ṣe láàárín ẹni méjì. Ìdílé méjì ni wọ́n ń di ọ̀kan, ẹlẹ́rìí sì pọ̀ níbẹ̀. Nínú Ó Le Kú, ìwé ìtàn-àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó jáde ní 1974, ohun tí ó ń lé Àjàní láàárín àwọn ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́ kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó mú ìyàwó wálé kí ó tó parí ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì. Àwùjọ ń dúró de ìparí ìtàn náà. Nígbà tí ìparí náà kò sì bọ́ sí bí ó ti yẹ, ìtàn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín parí pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Nígbà náà, irú ìparí wo ni àwàdà ìfẹ́ akọsákọ lè ní? Ibi tí eré náà ti ṣẹlẹ̀ ni yóò dáhùn. Ní New York, òfin fàyè gba ìgbéyàwó akọsákọ láti ọdún 2011, gbogbo Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní 2015. Nítorí náà Uncoupled lè pa ìtàn rẹ̀ mọ́ inú àwàdà láìsí wàhálà. Ìgbéyàwó wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìparí tí ó ṣeé ronú kàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2014. Ní Nàìjíríà, oṣù Kìíní ọdún 2014 kan náà ni Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó náà. Òfin yẹn tún fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, àti fún ẹni tí ó bá ṣe ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó náà. Kí onílámèyítọ́ fi ara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí. Ohun tí òfin náà kà léèwọ̀ ju ohun tí ẹni méjì ń ṣe lọ. Ó ka àwùjọ tí yóò yí wọn ká léèwọ̀ pẹ̀lú. Bí a bá sì mú ẹlẹ́rìí kúrò, a ti mú ìparí àwàdà kúrò.

Àwọn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa fi èyí hàn. Jude Dibia kọ Walking with Shadows ní 2005, wọ́n sì fi ṣe fíìmù ní 2019. Ìtàn náà dá lórí ọkùnrin kan ní Èkó tí ó ti fẹ́ ìyàwó, tí ó ti bímọ, kí àṣírí rẹ̀ tó tú. Fíìmù Babátúndé Apálọ̀wọ̀, All the Colours of the World Are Between Black and White, gba ẹ̀bùn Teddy ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2023. Ìfẹ́ tí kò lè fẹnu sọ ara rẹ̀ láàárín ọkùnrin méjì ní Èkó ni ó gbé jáde. Ní 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kékeré kan nípa obìnrin méjì, orúkọ Yorùbá ni wọ́n sì fún un, Ìfẹ́. Àjọ tí ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà kìlọ̀ pé àwọn lè pe àwọn tí ó ṣe é lẹ́jọ́. Kò sí àwàdà olólùfẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣe wọ́n kò mọ ẹ̀rín. Nígbà tí àwọn fíìmù Nollywood mìíràn bá sì fi ẹ̀rín sí ọ̀rọ̀ yìí, irú ẹ̀rín Bàbá Sàlá ni, láìsí ọgbọ́n Bàbá Sàlá: ọkùnrin tí ó ń rìn bí obìnrin wọlé, a rẹ́rìn-ín, ó jáde. A kò mọ orúkọ rẹ̀.

6.0 Mr Loverman: ìfiwéra kan

Ọ̀nà mìíràn wà tí ìtàn irú yìí lè gbà, èyí tí ó súnmọ́ wa ju ti New York lọ. Ní 2013 ni Bernardine Evaristo, tí a bí sí London, tí baba rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kọ ìwé tí ó pè ní Mr Loverman. BBC sọ ọ́ di eré apá 8 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Barrington Walker, ọmọ erékùṣù Antigua tí ó ń gbé ní Hackney, ti lé ní 70 ọdún. Ó ti fẹ́ Carmel láti nǹkan bí 50 ọdún sẹ́yìn, ó sì ti ń fẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Morris láti ìgbà èwe wọn. Lennie James ṣe Barrington, Ariyon Bakare ṣe Morris, àwọn méjèèjì sì gba ẹ̀bùn BAFTA ní 2025.

Ohun tí Evaristo ṣe tí Uncoupled kò ṣe ni pé ó fún ìyàwó ní ohùn. Carmel ní orí tirẹ̀ nínú ìwé náà. Ó rò pé ọkọ òun ń lé obìnrin káàkiri. Ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà, ó fi ọdún gígùn jìyà ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a bá ka ti Carmel tán, a kò lè máa rẹ́rìn-ín sí Barrington bí a ti ń rín tẹ́lẹ̀. Bí ó ti wù kí aṣọ rẹ̀ ṣe rẹ́gí tó, ó ti fi àgàbàgebè kọ́ ilé. Lójú ọmọlúàbí, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé ó fẹ́ Morris. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó lo ayé obìnrin mìíràn láti fi bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni ó jẹ̀bi. Àwùjọ tí ó ní dandan ni kí ọkùnrin fẹ́ ìyàwó ni ó fa Carmel lé e lọ́wọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ìyá Àjàní àti gbogbo ìyá mìíràn gbọ́ nìyí: ọmọbìnrin wo ni yóò san gbèsè ìgbéyàwó tí a fi ipá mú ọmọ wa ṣe?

7.0 Òǹwòran ní Mọníyà

Lámèyítọ́ tí kò bá rántí òǹwòran kò pé. Ẹ jẹ́ kí a mú Mọníyà, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ìlú àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú tí ayé gbàgbé. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA kò jìnnà sí i, ibẹ̀ sì ni ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà, tí wọ́n ṣí pẹ̀lú ọ̀nà irin Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Netflix ti wọ Nàìjíríà láti 2016. Ẹni tí ó bá ní fóònù àti dátà ní Mọníyà lè wo Uncoupled kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dé Èkó.

Báwo ni yóò ṣe wò ó? Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, agboolé ni ó ń wo eré pọ̀. Onílé a gbé tẹlifíṣọ̀n síta, àwọn ará àdúgbò a jókòó. Bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ, àgbà kan a bá a wí. Bí àgbà kan bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ náà gbà á láàyè. Irú ẹ̀rín àjọrín bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́ àwàdà Yorùbá dàgbà. Ẹni tí ó bá ń wo Uncoupled ní Mọníyà yóò dì í mọ́ etí, yóò fi ọwọ́ bo ojú fóònù. Àdárín ni ẹ̀rín rẹ̀. Kò ní lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í bóyá ohun tí òun ń rẹ́rìn-ín sí tọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni eré náà ń sọ, bí ó bá jẹ́ ọkùnrin tí ó ti lé ní 40 ọdún tí ó láya nílé tí ó sì mọ ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀, ẹ̀rín náà yóò há sí i lọ́fun. Eré tí a ṣe láti kó ènìyàn jọ ti wá di ohun tí ń yà á sọ́tọ̀.

Èyí ni ìdí tí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè. Ohun tí ó wà nínú ewu ni iṣẹ́ tí àwàdà ń ṣe láàárín wa, ìyẹn kí àwùjọ lè wo ara rẹ̀, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sì gba ẹni tí ó ṣìnà tàbí tí ó yàtọ̀ padà sí ìdí tábìlì.

8.0 Àléébù eré náà

Uncoupled ní àléébù. Èkíní ni pé ọlá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ebi ń pa. Ilé tí Michael ń tà fún àwọn oníbàárà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kọ̀ sílẹ̀ tí ó sì ń ronú owó ilé kò sí nínú eré náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ láyé yìí, owó ni ó kọ́kọ́ ń dá wàhálà sílẹ̀. Èkejì ni pé ẹ̀dá-ìtàn tí ó dára jù níbẹ̀ kò rí ààyè tó. Obìnrin olówó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Claire. Ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ nítorí ọmọdébìnrin kan, ó sì gbé ilé wọn fún Michael tà. Ìrora Claire àti ti Michael jọ ara wọn bí ìbejì. Bí àwọn òǹkọ̀wé bá ti fi ara balẹ̀ sí ibí yìí, òǹwòran tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ akọsákọ rárá ìbá ti rí i pé ẹkún kan náà ni àwọn méjèèjì ń sun.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe ẹ̀bi àwọn òǹkọ̀wé. Ní òpin apá kẹjọ, Colin padà sẹ́nu ọ̀nà Michael, ó ní ó dà bí ẹni pé òun ti ṣe àṣìṣe. Ibẹ̀ ni eré náà dúró. Netflix dá a dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Showtime gbà á pé àwọn yóò ṣe apá tí ó kù, lẹ́yìn náà wọ́n yí ohùn padà. Bí apàlọ́ bá dé ibi tí ẹnìkan kanlẹ̀kùn, tí ó sì dìde lọ sùn, àwọn ọmọ yóò bínú. Ṣùgbọ́n a lè sọ pé ìbéèrè tí ilẹ̀kùn yẹn fi sílẹ̀ dára ju ọ̀pọ̀ ìdáhùn lọ. Ẹni tí ó ti kọ́ láti dá sùn, ṣé dandan ni kí ó ṣílẹ̀kùn?

9.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé òye Yorùbá nípa àgbàyà, alárinà àti ẹlẹ́rìí lè la ojú onílámèyítọ́ sí ohun tí ó wà nínú Uncoupled, kódà níbi tí àwọn tí ó ṣe é kò rò ó dé. A sì ti fi hàn pé àwàdà olólùfẹ́ ń gbé ara lé àwùjọ tí yóò jẹ́rìí sí ìparí rẹ̀. Níbi tí òfin bá ti fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí, ìbànújẹ́ àti ìpẹ̀gàn nìkan ni ó kù fún òǹkọ̀wé láti lò, ìyẹn sì jẹ́ àdánù fún lítíréṣọ̀ wa.

Àbá tí a ní kò pọ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe lámèyítọ́ fíìmù Yorùbá yé ka ẹ̀dá-ìtàn bí Michael, Barrington tàbí Carmel sí àpẹẹrẹ ìwà kan tí a gbọ́dọ̀ bá wí kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Kí wọ́n yẹ ìwà wọn wò bí a ti ń yẹ ti Àjàní wò: ṣé ó ṣe òótọ́, ṣé ó ní sùúrù, ta ni ó pa lára, ta ni ó sì tọ́jú? Yorùbá ní àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí ó ń jẹun lóun nìkan nínú ìtàn yìí kò jẹ àjẹìwẹ̀yìn. Ńṣe ni ó wẹ̀yìn tí kò rí ẹnì kan.